Ẹ̀bátí Ọ̀tún: Àkọsílẹ̀ Ohun tó Ṣẹlẹ̀ sí Irun Oníbàárà Mi Kan ní Ìbàdàn

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2021 ni mo kọ́kọ́ fi téèpù aránṣọ wọn orí ènìyàn. Ó ti lé ní ogún ọdún nígbà náà tí mo ti ń dirun, nítorí ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni mo jókòó sí ní Bẹẹrẹ tí mo fi mọ iṣẹ́ náà kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojú àti ìka ọwọ́ nìkan ni mo fi ń mọ orí. Ohun tó mú mi nawọ́ sí téèpù lọ́jọ́ náà ni pé mo fẹ́ mọ bí ohun tí mo rí ti tó gan-an, kí n má baà tìtorí àánú sọ ọ́ di kékeré, kí n má sì tìtorí ẹ̀rù sọ ọ́ di ńlá.

Oníbàárà mi kan ló ni orí náà. Ọmọ ọdún 26 ni, ó ti bí ọmọ kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí irun àwọn òṣìṣẹ́ wọn wà ní kíkó sókè, kó má ṣe bo ojú. Ó ti fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni. Gèlè ló wé wọlé, kò sì fẹ́ tú u títí mo fi fa kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù, tí mo sì rán àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì níṣẹ́ jáde. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo o," ló sọ kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú gèlè náà.

Ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì ti ṣí sílẹ̀. Mo gbé téèpù lé ibi tí etí ti so mọ́ orí, mo sì fà á lọ sókè títí dé ibi tí irun tó nípọn ti bẹ̀rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 3 ni ní òsì, 4.5 ni ní ọ̀tún. Lẹ́yìn tó lọ, mo wọn ti ọmọṣẹ́ mi àgbà kí n lè rí ohun tí n ó fi wé e, kò sì pé sẹ̀ǹtímítà 1. Ní òsì, mo ṣì ń rí àwọn ojú ihò irun kéékèèké lára awọ náà. Ní ọ̀tún, àyè kan wà tó ń dán bí inú àwo tánńganran, tí kò ní ojú ihò kankan. Ṣùgbọ́n ní etí iwájú pátápátá, níbi tí irun ti pààlà pẹ̀lú ojú, àwọn irun wẹ́wẹ́ kan ṣì dúró ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, bí koríko tó kù sí etí oko lẹ́yìn tí wọ́n ti ro inú rẹ̀ tán. N kò mọ ìtumọ̀ ìlà yẹn lọ́jọ́ náà. Òun ló padà wá jẹ́ ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu ti pọ̀ lórí rẹ̀ nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní làpálàpá ni, ó sì ti fi àdí àti òrí pa á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ní rilásà ló jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní nítorí ọmọ tó bí ni, pé irun gbogbo abiyamọ ló máa ń bọ́, pé kó fọkàn balẹ̀, á tún hù. Aládùúgbò kan tilẹ̀ ní kí wọ́n lọ wádìí ẹni tó ń ṣa irun rẹ̀ nílẹ̀. Ní ti aládùúgbò yìí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ná, nítorí ẹni tó bá ti gbà pé aráyé ló ṣe òun kì í fẹ́ wo ohun tí ọwọ́ òun àti ọwọ́ onídìrí òun ti ṣe mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù, ohun tó ń ba irun jẹ́ lóòótọ́ ni wọ́n dárúkọ, nítorí náà n kò lè kàn dá wọn nù. Mo ní láti yẹ̀ wọ́n wò.

Ti làpálàpá ni kò pẹ́ rárá. Orí ọmọdé ló máa ń wà jù, ibi tó bá sì ti mú máa ń rí roboto, á ní ìpẹ́ funfun, á máa yún ni, irun ibẹ̀ á sì já mọ́ awọ orí tí yóò fi ku tó-tò-tó dúdú. Ti oníbàárà mi yìí kò ní ìpẹ́, kò yún un, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé tó kó o, títí kan ọmọ ọwọ́ tó ń gbé orí lé e léjìká lójoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì ti ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bíi pé ènìyàn ló fi ìwọ̀n pín in, èyí tí làpálàpá kì í sábà ṣe.

Ti rilásà gba ìrònú ju ìyẹn lọ. Pùròtéènì tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìnì ni a fi ṣe fọ́nrán irun, bí ìgbà tí okùn wẹ́wẹ́ púpọ̀ bá dì mọ́ ara wọn, tí ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wá bo ìta rẹ̀, ọ̀kan gun ẹ̀yìn èkejì bí páànù orí ilé. Ohun tó so àwọn okùn inú náà pọ̀ jù lọ ni ìdè tí èròjà sọ́fọ̀ (sulphur) máa ń ṣe láàárín wọn, ìdè yìí sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí irun dúró bó ṣe hù, kíká ni tàbí títọ́. Sodium hydroxide inú rilásà, tàbí calcium hydroxide tí wọ́n ń pò mọ́ guanidine nínú èyí tí a ń pè ní aláìlóró, máa ń tú ìdè náà, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Irun á tọ́, ṣùgbọ́n á di aláìlágbára. Irun tiwa gan-an ti ní ìṣòro tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó pẹlẹbẹ díẹ̀, ó sì ń lọ́ bó ṣe ń hù, ibi tó ti lọ́ yẹn ló sì máa ń já. Nítorí náà, bí rilásà nìkan bá ba irun jẹ́, láàárín fọ́nrán ló ti máa ń já jù.

Mo ní kó máa ṣa irun tó bá bọ́ ní ẹ̀bátí nìkan sínú bébà funfun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kó 40 wá. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé awò tí bàbá mi fi ń ka Bíbélì lé wọn, mo sì rí i pé 31 nínú wọn ló ní kókó funfun kékeré ní ìdí, tó túmọ̀ sí pé láti gbòǹgbò ni wọ́n ti bọ́ wá, wọn kò já láàárín. Ẹ̀rí yẹn nìkan kò tó, mo mọ̀, nítorí pé irun 50 sí 100 ló ń bọ́ lóòjọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tòun ti kókó ìdí wọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kò tíì yẹ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru rilásà.

Ọ̀rọ̀ ìbímọ ni mo rò pé ó máa borí. Irun orí ènìyàn tó nǹkan bí 100,000, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń hù lẹ́ẹ̀kan. Irun kan lè hù fún ọdún méjì sí méje, kó sinmi fún bí oṣù mẹ́ta, kó tó bọ́ fún òmíràn. Nígbà oyún, àwọn tó yẹ kó bọ́ máa ń dúró. Lẹ́yìn ìbímọ, ní bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin, gbogbo wọn á wá bọ́ papọ̀, ìyá ọmọ á sì rò pé orí òun fẹ́ pá. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ló bímọ, nítorí náà àsìkò náà bára mu régí. Ohun tí kò bára mu ni pé irun abiyamọ máa ń bọ́ káàkiri orí ni, tirẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀bátí nìkan. Mo nílò àwòrán kan tó ṣáájú ìbímọ tàbí tó sún mọ́ ọn.

Níbí ni mo ti kọ́ ohun kan nípa iṣẹ́ ara mi. Àwòrán orí rẹ̀ 14 ló wà nínú fóònù mi, torí mo máa ń ya iṣẹ́ tó bá dára. Gbogbo wọn, ẹ̀yìn ni mo ti yà á. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó fi ẹ̀bátí hàn. Bí gbogbo onídìrí ṣe ń ṣe nìyẹn, nítorí pé ẹ̀yìn àti àtàrí ni ọnà irun ti ń yọ, ọgbọ́n náà kì í sì í ṣe tiwa nìkan. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní ọdún 1930, tó sì kú ní ọdún 2014, Ìbàdàn yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1954, níbi tó ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn ní iléeṣẹ́ ìròyìn, kó tó ya àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n WNTV. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan àwòrán, wọ́n sì gbé wọn dé ibi ìpàtẹ ọnà Venice ní ọdún 2013. Mo fẹ́ràn àwọn àwòrán náà púpọ̀. Ẹ̀yìn orí ló yà jù: ìlà tó gún, òwú tó dì gbọnin, irun tó dúró bí ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irun bẹ́ẹ̀ ṣe fún ẹni tó gbé e, iwájú ló gbọ́dọ̀ wò, iwájú sì ni èmi náà kò yà.

Òun gan-an ló wá rí àwòrán tí mo ń wá, nínú fóònù ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n yà á, ọjọ́ kẹjọ tó bímọ. Ó gbé ọmọ dání, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, gèlè rẹ̀ sì ti yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Mo fi ìka méjì fẹ ojú fóònù náà. Ẹ̀bátí ọ̀tún ti fúyẹ́ débi pé mo ń rí awọ. Ìyẹn nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níkùn, àsìkò tó yẹ kí irun obìnrin kún jù lọ. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ìbímọ kọ́, ó kéré tán, kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí a kò tíì yẹ̀ wò ni èmi.

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ orúkọ oníbàárà, irú irun, ọjọ́ àti owó sí nítorí gbèsè. Mo ṣí i. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 tó kọ́kọ́ wá títí di oṣù Kejì ọdún 2021, ìgbà 41 ni mo di irun fún un, ìgbà 34 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ṣùkú pẹ̀lú àtáṣímẹ́ǹtì. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo fi rilásà sí i, lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni mo sì máa ń dì í, nítorí irun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rilásà sí máa ń rọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń dán.

Ẹni tó bá mọ ṣùkú mọ̀ pé láti etí irun yíká ni a ti ń dì í lọ sókè kí gbogbo rẹ̀ tó pàdé ní àtàrí, bí ìgbà tí a bá ń hun agbọ̀n. Irú irun yòówù kí a dì, ibi tí a ti mú ìlà àkọ́kọ́ ni ẹrù máa ń wà jù. Kòlẹ́sẹ̀ ń lọ láti iwájú sí ìpàkọ́, pàtẹ́wọ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé láàárín orí, ṣùgbọ́n ṣùkú kò dá ibì kankan sí ní etí irun, ẹ̀bátí sì ni irun ti tín-ín-rín jù níbẹ̀. Màmá mi ń di ṣùkú ní tirẹ̀ pẹ̀lú irun olórí nìkan. Èmi ń fi àtáṣímẹ́ǹtì kún un láti ìdí. Nígbà tí mo tú èyí tó wà lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹta náà, mo gbé ohun tí mo kó sílẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n oníbúrẹ́dì tó wà ní ọ̀ọ́kán wa: gíráàmù 280. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbé e sùn, tó fi ń gbé e jí.

Fọ́nrán irun kan tó dára lè gbé nǹkan bí gíráàmù 50 sí 100 kó tó já, ìdí sì nìyí tí irun fi ń tàn wá. Ó dúró, a sì rò pé kò sí nǹkan. Inú ihò irun ni ìyà náà wà: á wú, á pọ́n, irun tó ń ti ibẹ̀ jáde á máa tín-ín-rín lọ́dọọdún, bí fífà náà bá sì pẹ́ jù, àpá á dí ihò náà pa. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í ṣe ìgbà kan tí mo fà á le jù ló ṣe é. Ìgbà 34 ni.

Omi tún dá kún un, èyí tí n kò mọ̀ rárá. Mo máa ń fi omi rin irun kí n tó dì í, kó lè nà. Irun ènìyàn máa ń gùn bó bá tutù, á sì súnkì bó bá gbẹ, òótọ́ yìí sì dájú débi pé Horace-Bénédict de Saussure, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Geneva, fi ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ní ọdún 1783: fọ́nrán irun ènìyàn ló nà sínú rẹ̀, bó ṣe ń gùn tó ń súnkì ni ọwọ́ kékeré kan ń tọ́ka. Gbogbo gígùn náà láti gbígbẹ pátápátá dé rírin gbindin kò ju nǹkan bí 2.5 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n irun tiwa tó ń ká tún máa ń fẹ́ ká padà bó bá ti gbẹ. Irun tí mo bá nà nínú omi, tí mo sì dì mọ́ orí nígbà tó ṣì tutù, kò ní ibi tí yóò súnkì sí ju kó fa ìdí rẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, tí ètè gan-an ń là, mo rántí dáadáa pé ìgbà náà ló máa ń pè mí jù lóru ọjọ́ tí mo bá dì í. "Àǹtí, mi ò lè fi orí lé ìrọ̀rí." Èmi á sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń dá gbogbo wọn lóhùn: "Lo Panadol méjì, ó máa rọ̀ tó bá dọ̀la." Ohun tí mo ń pè ní rírọ̀ yẹn, ihò irun ló ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn wà tí mo fojú ara mi rí. Ròrẹ́ wẹ́wẹ́ máa ń sú sí etí irun rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mo sì ń fi sípírítì pa á fún un. Ní ọdún 2020, ọmọṣẹ́ mi pè mí pé iná orí wà lórí rẹ̀, nítorí ó rí ohun funfun bíi ẹyin iná lára irun ẹ̀bátí. Mo fi èékánná méjì mú ọ̀kan, ó sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára fọ́nrán náà. Ẹyin iná kì í yọ̀. Ó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ ni. Inú mi dùn pé kì í ṣe iná, mo sì fi ìdùnnú náà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Awọ inú ihò irun tí fífà ti bó ni ohun funfun náà, tó yí fọ́nrán ká bí òrùka, ó sì jẹ́ àmì pé fífà náà ń lọ lọ́wọ́. Ká ní mo mọ̀ ọ́n lọ́dún náà ni, bóyá ẹ̀bátí ọ̀tún kì bá tí dán.

Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó rí dókítà awọ ara, mo sì bá a lọ. Dókítà náà gbé awò oníná kékeré kan lé orí rẹ̀, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó sì fi ìka tọ́ ìlà irun wẹ́wẹ́ tó kù ní etí iwájú. Ó ní òun ló sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn irun yẹn kúrú jù láti bọ́ sí onídìrí lọ́wọ́. Nítorí pé kò sí ẹni tó lè mú wọn dì, kò sí ẹni tó fà wọ́n, nítorí náà wọ́n ṣẹ́kù. Àìsàn kì í yan bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ń yan bẹ́ẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀yìn àga, mo ń wo ọwọ́ ara mi.

Ó ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe irun aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń rí irun pípá tí fífà ń fà yìí. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Trebitsch kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1907 lára àwọn obìnrin Greenland tí wọ́n ń so irun wọn lẹ́yìn le. Àmọ́ tiwa pọ̀ jù: ìwádìí tí Nonhlanhla Khumalo, dókítà awọ ara, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cape Town, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007, rí i lára nǹkan bí 32 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún obìnrin àgbà tí wọ́n yẹ̀ wò, àti lára nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ilé ìwé. Iṣẹ́ wọn tún fi hàn pé ewu náà pọ̀ jù nígbà tí a bá di irun tàbí tí a bá fi irun kún irun tí rilásà ti wà lórí rẹ̀. Nítorí náà ọkọ rẹ̀ kò ṣì pátápátá. Rilásà ló sọ irun di aláìlágbára, ọwọ́ mi ló wá fà á.

Dókítà fún un ní minoxidil tí yóò máa pa, nítorí kò fún ọmọ lọ́mú mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé irun ń hù lára àwọn tó ń lò ó. Ó sọ gbangba fún un pé òsì á padà, pé ọ̀tún á padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ń dán yẹn, òun kò lè ṣèlérí rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní oògùn kankan kò ní ṣiṣẹ́ bí fífà kò bá dúró.

Fífà dúró. A dáwọ́ rilásà àti àtáṣímẹ́ǹtì dúró. Mo ń bà á fún un ní ńláńlá, láìdì mọ́ awọ orí, mo sì ń fi ìka méjì sílẹ̀ láti etí irun. Ó fẹ́ kí n fi òwú kó o bíi tàtijọ́, èrò rẹ̀ ni pé ti àtijọ́ kò lè pa ni lára, ṣùgbọ́n òwú tí a bá fà le ní ìdí ń fa irun gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń fà á, nítorí náà mo kó o ní dídẹ̀, kò sì dúró pẹ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì bínú sí irun náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó ìwé dókítà fún wọn.

Irun tiwa ń hù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin mílímítà kan lóòjọ́, bí mílímítà 8 lóṣù. Mo ń wọn irun tuntun ẹ̀bátí òsì ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan láti oṣù Karùn-ún. Oṣù àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tí mo lè wọ̀n. Oṣù kejì, mílímítà 5, rírọ̀ bí irun ọmọ ọwọ́. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ó ti tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì ti dúdú.

Oṣù Kejìlá ni àbúrò ọkọ rẹ̀ gbéyàwó. Wọ́n gbé gbogbo ìyàwó ilé lọ síbì kan náà kí irun wọn lè bára mu, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa bi òun léèrè, ó jókòó, wọ́n sì di irun rẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú gíráàmù tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Ó pè mí ní aago méjì òru, ó ń sunkún. Mo ní kó máa bọ̀ ní kùtùkùtù. Mo fi òróró rin ìdí irun náà, mo sì tú u kó tó lọ síbi ìyàwó. Gèlè ló wé débẹ̀. Ròrẹ́ ti sú yí etí irun ká. Irun tuntun tó bá àtáṣímẹ́ǹtì náà jáde, mo kà á: 63. N kò bínú sí ẹni tó dì í. Ohun tí èmi náà ń ṣe ní ọdún méjì ṣáájú ni òun ṣe, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọṣẹ́.

Láti ìgbà náà, ohun kan wà tí mo ń ṣe fún gbogbo orí tó bá jókòó níwájú mi. Mo ń dì í ní gbígbẹ. Bí mo bá ti mú ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, mo máa ń ní kí olórí wojú sókè kí ó hun awọ iwájú rẹ̀ jọ. Bí awọ náà kò bá lè mì, mo ń tú u. Àwọn oníbàárà kan ti fi mí sílẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n ní irun mi kì í pẹ́ lórí mọ́, òótọ́ sì ni, ọjọ́ mẹ́wàá ló ń lò dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sì ń ya ẹ̀bátí méjèèjì kí n tó ya ẹ̀yìn.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn fún àkọsílẹ̀ yìí. Òsì: sẹ̀ǹtímítà 1.2. Ọ̀tún: 2, pẹ̀lú ojú kan tó tó èékánná àtàǹpàkò mi, tí kò hu nǹkan kan. Ó bi mí bóyá ó ṣì lè hù. Mo sọ fún un pé rárá. Ó dákẹ́, ó fi ìka rẹ̀ tọ́ ibẹ̀ nínú dígí, lẹ́yìn náà ó ní kí n di pàtẹ́wọ́ fún òun, kí n jẹ́ kí irun díẹ̀ ṣubú bo ojú náà. Mo fi ìka méjì sílẹ̀. Mo mú ìlà àkọ́kọ́, mo mú èkejì, mo mú ẹ̀kẹta, mo sì ní kó wojú sókè. Awọ iwájú rẹ̀ ń mì.